Ẹ Fi Ctrl+F Sílẹ̀ fún Wa

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ń ṣe ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá wí. Ctrl+F, ìyẹn bọ́tìnì Ctrl àti F tí a tẹ̀ pọ̀, wà fún wíwá ọ̀rọ̀ lójú ìwé tí a ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì kan ti fi JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò sínú ìkànnì, lúgọ dè é: bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ ń dé, wọ́n á fi preventDefault(), àṣẹ tí kì í jẹ́ kí bíráúsà ṣe iṣẹ́ tó máa ń ṣe, dá a dúró, àpótí ìwákiri tiwọn á sì yọjú. Ìrẹ́jẹ gidi ni, pàápàá fún ẹni tí kò lè lo mouse.

Ẹ̀yin òǹkàwé bíi tèmi, bí ìkànnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl+L kí ẹ lè bọ́ sínú àpótí àdírẹ́sì, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Ctrl+F. Ìkànnì náà kò ní gbọ́ ọ. Nínú bíráúsà Firefox, ẹ tẹ Ctrl+I, ẹ lọ sí Permissions, kí ẹ yan Block lábẹ́ Override Keyboard Shortcuts. Àmọ́ ẹ má ṣe é fún ìkànnì tí ẹ ti ń kọ̀wé, torí Ctrl+B tó ń mú kí lẹ́tà dúdú kirikiri lè má ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣe ìkànnì, bí ẹ bá fẹ́ ká lo àpótí tiyín, ẹ gbé e síbi tí ojú yóò ti rí i.

Òǹkàwé yín