Ẹ yé kun ọ̀dà dídán sí ọ̀nà onípákó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí, ìyá àgbà kan tún yọ̀ ṣubú gbalaja lórí ọ̀nà onípákó tí gbogbo wa ń gbà, lẹ́yìn òjò winniwinni lásán. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ wú lójú ẹsẹ̀. Kí ni àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ ṣe? Wọ́n gbé pátákó “Ẹ rọra rìn” síbẹ̀. Ṣé ìyá náà ń sáré ni?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀nà náà ni o. Ọ̀dà dídán gbinrin! Ibi tí igi ṣíji bò, tí oòrùn kì í dé, ohun aláwọ̀ ewé kan ti lẹ̀ mọ́ pákó pẹ́kí. Bí omi bá ti kàn án, àfi bí ẹni da ọṣẹ sí i. Àwọn kan ní ilà tí káfíńtà gbẹ́ sójú pákó á di ẹsẹ̀ mú. Bí a kò bá gbá a, inú ilà yẹn gan-an ni omi àti ìdọ̀tí ń jókòó sí.

Yanrìn ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ pákó, kó gbẹ dáadáa, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ pákó tútù. Kí wọ́n kun ọ̀dà ìta tí kì í dán, kó tó gbẹ kí wọ́n wọ́n yanrìn tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sì ti sẹ́, sí i káàkiri. Bó bá gbẹ tán, kí wọ́n gbá èyí tí kò lẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ọ̀dà fẹ́lẹ́ bò ó. Fẹ́lẹ́ ni mo wí o. Bó bá nípọn, yanrìn á rì sínú rẹ̀. Bí agbára wọn ò bá ká gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ṣe é ní ìlà-ìlà, ní ìdábùú ọ̀nà, kí wọ́n sì ti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù á máa họ, kí wọ́n máa tún un kùn.

Kí wọ́n gé ẹ̀ka igi, kí wọ́n yọ ìdọ̀tí tó dí àlàfo àárín pákó. Bí wọ́n bá kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ojú pákó, ìyẹn náà dára, àmọ́ bí etí rẹ̀ bá ká sókè, á máa kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá tún fẹ́ gbé ọ̀dà dídán wá síbẹ̀, kó kọ́kọ́ rìn ín já lẹ́yìn òjò.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín