Ẹ kọ́ àgbà kí ẹ tó kó ọmọ lé e lọ́wọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Tí ọlidé gígùn bá ti ń lọ sópin ni ìjọ, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹgbẹ́ àwọn onílé ládùúgbò máa ń dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀. Wọ́n á rán aṣọ, wọ́n á ta kánópì, wọ́n á pe alága káńsù, wọ́n á ya fọ́tò. Tí ẹ bá padà síbẹ̀ ní táàmù kejì, bánà ara ògiri nìkan lẹ máa bá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa tẹ̀ jáde ni pé kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń tú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ká, owó kọ́ ló sì sábà máa ń fà á. Àgbà tí wọ́n ní kó máa darí wọn ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ níṣẹ́ náà.

Ọkàn rere ni ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fi wá. Ó lè jẹ́ tíṣà, télọ̀, nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti bá ogún ọmọ lò ni ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ òun náà: kí òun dúró níwájú, kí òun máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí pàṣán wà lórí tábìlì. Ọmọ tó ti jókòó ní kíláàsì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán kò ní tún wá kíláàsì mìíràn lọ ní aago méjì ààbọ̀. Àwọn kan tún wà tí ọwọ́ wọn yá jù. Àwọn ló ń gbìn, àwọn ló ń bomi rin, àwọn ọmọ á kàn dúró máa wò wọ́n. Èyí tó dùn wá jù ni ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọ̀dọ́ nílé ìwé, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ́ jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó bá pẹ́ dé á lọ ro ebè méjì. Tí ẹ bá ti sọ oko di ìyà lọ́jọ́ Ajé, ẹ má retí kí ọmọ náà fi ìdùnnú wá sí ẹgbẹ́ oko lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìṣòro yìí ti wà tipẹ́, ó sì ti bá àwọn tó ṣáájú wa. Ọdún 1907 ni Baden-Powell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ Scout sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dán ètò Scout wò. Ẹgbẹ́ náà tàn kálẹ̀ kíákíá, ó dé Nàìjíríà lọ́dún 1915, àmọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀ níbi gbogbo kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà tó. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Wood Badge àkọ́kọ́ fún àwọn olùdarí ní Gilwell Park, létí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò kó àwọn àgbà wọ̀nyẹn jókòó sí gbọ̀ngàn kí wọ́n máa kàwé sí wọn létí. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, wọ́n ní kí wọ́n gbé inú àgọ́, kí wọ́n máa ṣe ohun tí àwọn ọmọ máa ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá ilé ìwé kan, A. B. Graham, dá ẹgbẹ́ ọmọdé sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ́dún 1902, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ 4-H, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fi iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí òfin Smith-Lever dé lọ́dún 1914, ó dá iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìmọ̀ láti yunifásítì lọ sábúlé sílẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì ń kọ́ òbí àti aládùúgbò tó ń darí ẹgbẹ́. Àwa náà ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ADP, iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ bá wọn.

Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan èèyàn dáadáa. Kí ẹni náà kọ fọ́ọ̀mù, kó mú ẹni méjì tó lè jẹ́rìí ìwà rẹ̀ wá, tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kí ẹ sì bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gba orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí kí wọ́n má sì pè wọ́n. Ẹ bi í pé níbo ló ti bá ọmọdé ṣiṣẹ́ rí, àti pé kí ló mú un kúrò níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọ, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ẹ ka ibi tó kàn án sétí gbogbo olùdarí, kí ẹ fi ìlànà ẹgbẹ́ yìí kún un, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn gbọ́: àgbà méjì ni yóò máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà gbogbo, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ na ọmọ, àgbà kò sì gbọ́dọ̀ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ. Tí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, iṣẹ́ olùdarí ni kó gbọ́, kó kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, kó sì fi tó ẹni tí ẹgbẹ́ yàn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe òun ni yóò máa ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa” ti ba ayé ọmọ púpọ̀ jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta tó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ má gba ju èèyàn 24 lọ. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ẹni mẹ́fà mẹ́fà, kí olùkọ́ kan wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ààbò yìí àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ti Sátidé àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 8 sí 10 kì í lè fara balẹ̀ pẹ́ sórí nǹkan kan, ó sì fẹ́ kí àgbà yin òun. Ọmọ ọdún 11 sí 13, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni òfin lójú rẹ̀. Ẹni ọdún 14 sí 17 fẹ́ fọwọ́ sí ìpinnu, títí kan ti owó, tí ẹ kò bá sì fún un láyè, kò ní bá yín jà, kò kàn ní wá mọ́ ni. Kíkó ọmọ ọdún 8 àti ọmọ ọdún 16 pọ̀ sídìí iṣẹ́ kan náà ni àṣìṣe tí a máa ń rí jù, nítorí pé àgbà tó wà nílẹ̀ kò pọ̀.

Sátidé kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn tó ń ṣètò máa ń fẹ́ gé kúrò. Ní ọjọ́ yìí, olúkúlùkù ni yóò darí ẹgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí àwọn márùn-ún yòókù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe bí ọmọdé. Ẹ ti sọ fún ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀ pé kó máa dí ìpàdé lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn má sọ̀rọ̀ rárá. Kí ẹnì kan mú aago dání, kó máa ka iye ìṣẹ́jú tí olùdarí fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣẹ́jú 15. Márùn-ún ni kí ẹ jẹ́ kó mọ. Tó bá parí, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti gbé e yẹ̀ wò: òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó dára àti ohun tó wọ́, lẹ́yìn náà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí olùkọ́ ní kó lọ tún ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ka àléébù mẹ́jọ sí lọ́rùn níwájú èrò kò ní padà wá ní Sátidé kẹta.

Iṣẹ́ tí a máa ń fún wọn láti fi ṣe ìdánrawò yìí ni gbígbin ewédú. Ẹ sọ fún àwọn “ọmọ” pé kí wọ́n pín hóró ewédú sí méjì. Kí wọ́n di ìdajì sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí àgbà rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí wọ́n ka ení dé ẹ̀wá, kó yọ ọ́, kó sì rì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n fi ìdajì kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Hóró náà kéré púpọ̀, nítorí náà, kí wọ́n pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má bàa dì jọ sójú kan. Ebè pẹlẹbẹ méjì tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ tó, kí ọwọ́ ọmọ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ebè kan á ti hù bámúbámú, èkejì á ṣì máa yọ níkọ̀ọ̀kan.

Ibí yìí ni olùdarí tí kò tíì kọ́ṣẹ́ ti máa ń bà á jẹ́. Kí omi tó hó rárá, ó ti ṣàlàyé pé èèpo hóró ewédú le, omi kò lè ráyè wọlé, ooru ló ń là á. Kò wá ku ohun tí àwọn ọmọ máa ṣàwárí mọ́. Olùdarí tó mọṣẹ́ á pa ẹnu mọ́ títí ọ̀sẹ̀ kejì, á kó wọn lọ sídìí ebè náà, á bi wọ́n pé kí ni ẹ rí, kí lẹ rò pé ó fà á, kí la lè gbìyànjú lọ́tẹ̀ yìí. Tí ẹnì kan bá dáhùn pé ebè kejì kò rí omi tó, kó má sọ pé irọ́ ni. Kó ní kí ọmọ náà bomi rin ín, kí gbogbo wọn jọ wò ó. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ 4-H ń pe ọ̀nà yìí ní ṣe é, rò ó, lò ó.

Ìdí mìíràn tí a fi ń yan ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ ni pé táàmù kan kì í ju bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13 lọ. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ á ti tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn ọmọ á ta á, wọ́n á ka owó rẹ̀, wọ́n á tún gbìn. Ẹgbẹ́ tó bá fi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń dúró tó oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó gbìn ín á ti kúrò ní kíláàsì yẹn kí wọ́n tó hú u.

Ní Sátidé kẹta, kí wọ́n kọ ètò táàmù kan jáde lódindi, kí wọ́n sì kọ́ bí ìpàdé oníṣẹ́jú 90 ṣe ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tó tètè dé, iṣẹ́ kékeré kan gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún wọn, torí àárín àkókò yẹn ni ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Mẹ́wàá fún ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, 40 fún iṣẹ́ ọwọ́, 15 fún ìjíròrò ẹgbẹ́, 15 tó kù fún eré àti ìdágbére. Ọmọ ni yóò jẹ́ alága, ọmọ ni akọ̀wé, ọmọ ni akápò. Ẹ̀gbẹ́ ni àgbà yóò jókòó sí. Kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, olùdarí gbọ́dọ̀ pàdé àwọn ọmọ tó jẹ́ olóyè ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, kí alága ka ohun tó máa sọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá fo èyí, alága á dúró gbọnrangandan níwájú ẹgbẹ́, àgbà á dìde gba ìpàdé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní dá a padà mọ́ títí ọdún á fi parí. Ní ti owó, ìwé kan tó ní òpó mẹ́ta, owó tó wọlé, owó tó jáde, iye tó kù, tó. Kí akápò àti àgbà kan jọ máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta, iṣẹ́ kò tíì tán. Kí olùdarí tuntun lọ wo ìpàdé méjì nínú ẹgbẹ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó darí mẹ́ta fúnra rẹ̀ níṣojú olùkọ́, kí ẹ tó kó ọmọ lé e lọ́wọ́. Kí olùkọ́ tún yọjú sí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí gbogbo olùdarí àdúgbò máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó sí ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó ìpè. Wọn ò gba owó oṣù, a mọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù máa dákẹ́ fún oṣù méjì, ìpàdé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ á máa dé bá ilẹ̀kùn títì.

Tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé lóṣù kẹsàn-án, inú oṣù kẹjọ ló yẹ kí Sátidé mẹ́ta yìí ti parí. Ẹ má tíì rán aṣọ. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ìwé àkọsílẹ̀, páálí ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa, ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ kò wúwo jù fún ọmọdé, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún owó ọkọ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí a ń dá olùdarí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́,
Ìbàdàn.