Ẹ kọ́ àwa oníkọ̀ǹpútà ná, kí ẹ tó máa béèrè ìwé-ẹ̀rí àyíká lọ́wọ́ wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí inú ń bí mi, n kò sì dá nìkan bínú nínú àwa tó ń kó kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ́fíìsì láti Ìkẹjà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n da tẹ́ńdà mi nù. Àjọ kan tó ń gba owó ìrànwọ́ láti òkè òkun ló fẹ́ ra láàpútọ́ọ̀pù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iye tí mo kọ kò wọ́n, ìwé owó orí mi pé, ìwé CAC mi pé, àwọn tí mo ti bá ṣiṣẹ́ rí sì jẹ́rìí sí mi. Ìlà kan péré tí wọ́n há sí ojú ewé tó kẹ́yìn ló ṣe mí léṣe: kí gbogbo kọ̀ǹpútà náà wà nínú àkọsílẹ̀ EPEAT, ó kéré tán ní ipò Silver, tàbí kí ó jẹ́ TCO Certified (ìwé-ẹ̀rí méjèèjì ló ń fi hàn pé ẹ̀rọ kò pa àyíká lára púpọ̀); kí ẹni tó ń kó ọjà wá sì fi hàn bí yóò ṣe gba àwọn ẹ̀rọ náà padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú. Àjọ yìí kan náà ti ra ọjà lọ́wọ́ mi rí, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé náà pé kí wọ́n là mí lóye. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú sà, bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí wa la ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn." Òun alára kò mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ mi!

Ẹ má rò pé ìlànà ni mò ń bá jà. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí àwọn ọmọ ti ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ kó jọ kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bìkítà nípa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Èéfín dúdú yẹn, tí òjé àti ike jíjó wà nínú rẹ̀, àwa là ń fa á símú. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó múra wa sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yege ìdánwò, ṣebí ẹ ó kọ́ ọ ná?

Àwọn ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. EPEAT ti wà ní Amẹ́ríkà láti 2006, pẹ̀lú ipò Bronze, Silver àti Gold rẹ̀. TCO Certified ti ilẹ̀ Sweden ti pẹ́ jù ú lọ, 1992 ló ti bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́n ń tún un ṣe báyìí. Ìran kẹwàá rẹ̀ jáde ní 2024. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ló ń le sí i. Nígbà kan, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ wà lára ohun tó gba iwájú. Ní báyìí, wọ́n ń wò ó bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, bóyá èèyàn lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà láti tún un ṣe, irú kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ike rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ tó tò ó pọ̀ ní Ṣáínà, àti ibi tí kóbáltì inú bátìrì rẹ̀ ti wá. Èmi tí ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ, níbo ni kí n ti mọ ẹni tó wa kóbáltì?

Ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ̀yin ará: wọn kò tilẹ̀ ní kí n mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ló ti dáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni, kí n rí i pé ọjà tí mo fẹ́ kó wá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n nínú. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ìdérí kò tó. Nọ́ńbà àwòṣe tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, wínníwínní bí èyí tí wọn kò fẹ́ ká rí kà, ni èèyàn yóò tẹ̀ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ kí èkejì má sí. EPEAT tún ń to tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè: èyí tó wà níbẹ̀ fún Amẹ́ríkà tàbí Jámánì lè má sí níbẹ̀ fún ibòmíràn. Ta ló sọ èyí fún ará ọjà? Kò sí! Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní London ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí tẹ́ńdà ti bọ́.

Àwọn tó gbé ìlànà jáde á ní àwọn ti ṣe sẹ́mínà. Lóòótọ́ ni, mo wà níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kan ní Victoria Island ni. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn elétò ìrànwọ́ tó ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń tajà kò kún ìlà kan. Gẹ̀ẹ́sì ni láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ jáde, Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an yóò ní kí wọ́n tún sọ. Ọkùnrin kan tó jókòó tì mí, tó ń ta tòkunbọ̀ ní Alábà, nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láàpútọ́ọ̀pù tí òyìnbó ti lò, ṣé ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí àbí kò sí?" Olùbánisọ̀rọ̀ ní ìbéèrè náà dára, àwọn yóò padà sí i. Wọn kò padà sí i. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín ìwé-ẹ̀rí pé a wá, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ọkùnrin yẹn ni ìbéèrè gbogbo wa, nítorí tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tà. Ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní titun ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ọwọ́ wa, wọ́n ti yọ RAM tó bá a wá, wọ́n ti tọwọ́ bọ bátìrì rẹ̀, ṣájà rẹ̀ sì ti di ayédèrú tó ń gbóná bí àyọnù. Ṣé ó ṣì jẹ́ ọjà tó wà nínú ìwé ni, àbí ó ti di nǹkan mìíràn? Àwọn tó gbé ìlànà jáde ló yẹ kí wọ́n dá wa lóhùn.

Nígbà tí wọn kò dá wa lóhùn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìròyìn tẹ́ńdà yẹn kò tíì tutù nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tẹ sítíkà nítòsí wa. Ó tẹ́ bébà fàdákà dídán sórí tábìlì, ó gbé rúlà lé e, ó ń fi abẹ gé àmì Energy Star (tó ń sọ pé ẹ̀rọ kì í jẹ iná púpọ̀) níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n bí ẹni tó ń to páálí. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ fẹ́? Energy Star wà, TCO wà. Bí ẹ bá ní àwòrán EPEAT lórí fóònù yín, ẹ fi hàn mí, màá gé e fún yín kílẹ̀ tó ṣú." Ọmọ náà kò mọ̀ pé sítíkà kọ́ ni EPEAT dúró lé, àkọsílẹ̀ ni. Kí ló kàn án? Ẹni tó máa gba ọjà ní ọ́fíìsì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, sítíkà ni yóò wò, yóò fa ìlà sí i pé ó pé, yóò buwọ́ lù ú. Èmi tí mo sọ òótọ́ pé n kò ní ìwé ni wọ́n lé. Ẹni tó bá ra sítíkà ló máa jẹ ẹ́. Ohun tí ìlànà àìmúrasílẹ̀ máa ń bí nìyẹn.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Tó bá di ká fọwọ́ sí ìwé, ẹsẹ̀ wọn á yá nílẹ̀. Tó bá di ká ṣàlàyé fún ará ọjà, wọn á di ẹni tí a ń wá tì. Òfin tó de ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ti wà ní Nàìjíríà láti 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2022. Nínú rẹ̀, ẹni tó kó ẹ̀rọ wọ̀lú ní ojúṣe kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣe é: ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òkú ẹ̀rọ náà wà. Ẹ bá mi rìn ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa kí ẹ béèrè ẹni tó ti fojú rí ẹ̀dà òfin náà. Ẹ kò ní rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìtanràn nìkan ni òfin máa ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ilẹ̀ Yúróòpù ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 20 June 2025: fóònù tuntun tí wọ́n bá fẹ́ tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bátìrì tí yóò ṣì ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi ṣájà gba iná sí i nígbà 800, ẹ̀yà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà fún títà fún ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ títà á. Ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n lọ́dọ̀ wọn, níbo lẹ rò pé yóò gbà? Ìwádìí tí ibùdó àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí kíkó pàǹtírí olóró sọdá ààlà) tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́ sí ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ó tó 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún kan, ó sì lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tó ti kú kó tó gúnlẹ̀. Láti 1 January 2025, àdéhùn Basel ti sọ pé kí òkú ẹ̀rọ kankan má sọdá ààlà láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó ń lọ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ọjà wa bóyá òkìtì òkú ẹ̀rọ ti dín kù.

Ohun tí mo rò pé ó lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe kò wọ́n rárá. Tábìlì kan ni. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà gbé tábìlì kan kalẹ̀ nínú ọjà, kí wọ́n fi ọ̀dọ́ méjì tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa sídìí rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ du tẹ́ńdà á mú nọ́ńbà àwòṣe ọjà rẹ̀ wá. Wọ́n á wo àkọsílẹ̀ EPEAT, wọ́n á wo ti TCO, wọ́n á tẹ ojú ewé tó bá jáde pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wò ó, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á sọ èyí tó jọ ọ́ tó wà níbẹ̀ fún un, kó má bàa fi owó rẹ̀ ra ọjà tí wọn kò ní gbà. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn àwòṣe tó wọ́pọ̀ mọ́ ògiri, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Yorùbá, Ìgbò àti Pidgin ni kí wọ́n máa sọ nídìí tábìlì náà, torí kò sí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sẹ́mínà ná ọjà níbí. Kí tábìlì yìí kan náà ní ìwé tí a ó kọ òkú ẹ̀rọ sí: ẹni tó bá gba kọ̀ǹpútà tó ti kú padà lọ́wọ́ oníbàárà, á kó o wá, wọ́n á já rìsíìtì fún un, wọ́n á tì í mọ́nú àgò irin títí iléeṣẹ́ àtúnlò tó ní ìwé àṣẹ yóò fi wá kó o. Rìsíìtì yẹn ni a ó máa fi dáhùn ìbéèrè "báwo lẹ ó ṣe gbà á padà".

Owó ńkọ́? Owó ẹgbẹ́ tí à ń dá tó o ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí, kí ẹni tó bá máa bínú bínú: TCO tí wọ́n fi lé mi bọ̀ yẹn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Sweden ló dá a sílẹ̀, torí ojú ń dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni o, kì í ṣe ìjọba. Tiwa ń gba owó, wọ́n ń rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn tí mo dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́ Yorùbá, wọ́n lè wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn ní ọjọ́ kan, ká sì sanwó ọkọ̀ wọn.

Ó ku ti àwọn tó ń pe tẹ́ńdà. Kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fún wa ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Kí ẹni tó ń gba ọjà wọlé fún wọn kọ́ bí a ṣe ń wo àkọsílẹ̀, kó yé fi ojú wá sítíkà. Kí aṣọ́bodè dín owó orí ẹ̀rọ tuntun tó ní ìwé-ẹ̀rí kù. Kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò ní Yorùbá.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí àwa kéékèèké kúrò ńlẹ̀ fún àwọn alágbàtà ńlá. Àwọn alágbàtà ńlá kì í ta ẹyọ mẹ́wàá, wọn kì í sì í fún ọ́fíìsì kékeré ní àwìn. Àwa là ń ṣe é. Bí wọ́n bá lé wa tán, àwọn onísítíkà ni yóò kù sílẹ̀.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí àyè tí àwọn ó gbé tábìlì náà sí, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi wà, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Oníkọ̀ǹpútà kan tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára,
Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà.