Wọ́n ṣe àṣìṣe mi náà mọ́ ọn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ìjọba sáà ti bọ́dà pa mọ́ àdìrẹ Ṣáínà, wàhálà ti tán. Ọmọ aláró ni mí, Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń tajà, ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, aṣọ funfun tá à ń pa láró yẹn, kì í ṣe àwa la hun ún. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, Manchester ló ti ń wá, wọ́n á dì í, wọ́n á pa á láró, àwọn ará Senegal á wá kó o lọ. Ewé èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró kí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì (caustic soda) tó dé, ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ìjà láàrin àwọn aládìrẹ àti Aláké lọ́dún 1936 torí Kábíyèsí ní kí wọ́n yé lo ti òyìnbó yẹn. Ọjà òkèèrè ti wà nínú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ṣùgbọ́n òyìnbó ta aṣọ ni o, ọnà ara ẹ̀ tiwa ni, ibẹ̀ sì ni èrè wà.

Ọnà yẹn gan-an ni àwọn ará Ṣáínà ń kó lọ báyìí. Tí n bá fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà tá à ń pè ní Ìbàdàndùn, ó di kó gbẹ, ká rì í sínú aró, ká sá a, ká tún rì í, ká tó wá ha ẹ̀kọ kúrò, ẹ̀rọ tiwọn á kàn tẹ̀ ẹ́ sórí pọlíẹ́sítà bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń tẹ ìwé ìròyìn yín, á dé ọjà l'Ékòó, wọ́n á tà á ní ìdajì owó tèmi. Ta ló sì gbé e lọ bá wọn? Ọmọ wa ni! Oníbàárà kan ra ọ̀pá méjì lọ́wọ́ mi, ó ní ti òde ni, nígbà tọ́dún máa fi yí po mo rí ọnà mi lọ́jà, ibi tí ìyẹ́ ti yọ̀ lọ́wọ́ mi náà wà ńbẹ̀, ó ń jáde léraléra láti etí dé etí aṣọ. Mo rẹ́rìn-ín títí, kò pa mí lẹ́rìn-ín o.

Bọ́dà tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ṣebí wọ́n tì í ní 2019 títí di ìparí 2020? Mi ò rí i kí aṣọ yẹn dín l'Ítòkú.

Èmi ò ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Kaduna Textiles, ilé iṣẹ́ ahunṣọ tí wọ́n ṣí ní 1957, ti kógbá sílé láti 2002, òwú ṣì ń hù l'Ókè Ọya, kí ìjọba wá bí a ṣe máa rí aṣọ funfun gidi rà nílé ká yé fi owó dọ́là ra aṣọ gíní òkèèrè. Kí wọ́n sì fipá mú àwọn tó ń kó tẹ̀rọ wọlé láti kọ ọ́ sétí aṣọ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà, ẹ yí aṣọ padà kẹ́ ẹ tó sanwó. Aró tiwa máa ń wọnú dé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn tiwọn á ṣá.

Èmi ni,
Aládìrẹ kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta