Ìkéde Ìpàdé: Bí Wọ́n Bá Ń Dẹtí sí Fóònù Wa Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, òkun o!

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Kàbbà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la máa sọ: kí lèèyàn lè ṣe bí aláṣẹ bá ń dẹtí sí ìpè rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ láìbófin mu, tí wọ́n tún fi ohun tí wọ́n gbọ́ bá a ṣẹjọ́?

Abala 37 òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ìpè wa. Abala 36 sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn balẹ̀ jù o. Ẹ̀rí tí wọ́n gbà lọ́nà ẹ̀bùrú kì í dèyí tá a dà nù fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti 2011, abala 14, ní kí adájọ́ wọ̀n ọ́n wò. Lọ́yà gbọ́dọ̀ tètè takò ó. Kódà lọ́dún 2000, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù gbà pé ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ẹ̀tọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khan lójú pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ kò lábùkù. Ó dùn mí.

Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ wa lójú, abala 46 òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló ṣílẹ̀kùn ilé ẹjọ́ gíga fún wa.

Ẹni tó bá ní ìwé ẹjọ́ lọ́wọ́, kó mú un wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò ó lórí fóònù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́