Bàbá Ti Rí Pápá Everton Tuntun

Kakuri, Kaduna
Oṣù Kẹwàá, 2025

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Liverpool, ẹ máa wọṣọ tó nípọn o. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ò ní pẹ́ wọlé.

Àwòrán tí o yà ní pápá tuntun ti Everton, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool níbẹ̀ yẹn, tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá wà lábẹ́ igi dongoyaro níwájú ilé, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Mo gbé fóònù fún wọn, wọ́n ní kí n lọ mú awò ojú àwọn wá ná. Wọ́n fi etí bùbá nu awò náà, wọ́n nu ojú fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún na apá síwájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Odò ọ̀hún dà?"

Mo fi ìka sún àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi omi Mersey hàn wọ́n.

"Òpó ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, kò sí òpó tó ń dí ẹnikẹ́ni lójú mọ́."

Wọ́n mirí. "Wọ́n kúkú kọ́ ọ tán."

Má dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ pápá yìí títí ó fi sú wọn. Láti 1997 ni wọ́n ti ń sọ pé Everton máa kúrò ní Goodison Park, pápá wọn àtijọ́ tí òpó ti ń dí èèyàn lójú. Ti King's Dock ló dùn mọ́ Bàbá nínú jù: etí odò, nítòsí àárín ìlú, àyè ìjókòó 55,000. Nígbà tó di 2003, owó tó yẹ kí ẹgbẹ́ náà mú sílẹ̀ kò pé, ọ̀rọ̀ fọ́. Ó kan Kirkby, tí àwọn àti ilé ìtajà Tesco fẹ́ jọ kọ́. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò ṣeé ṣe ní 2009. Wọ́n tún ní Walton Hall Park ni, ìyẹn náà wọmi ní 2016. Bàbá a máa ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìka. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé wọ́n ti rí ilẹ̀ sí èbúté Bramley-Moore, níbi tí pápá náà wà báyìí, Bàbá ní kí n dákẹ́, pé tí ó bá dúró kí n wá pe àwọn.

Ìwọ ṣì rántí bí ọ̀rọ̀ Everton ṣe wọ ilé wa. Amokachi ni. Ọmọ Kaduna ni, Ranchers Bees níbí ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Club Brugge, kó tó di ti Everton ní 1994. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, tí a na Bulgaria 3-0, ọmọ Kaduna méjì ló wà nínú àwọn tó gbá góòlù wọlé: Amokachi, àti Rashidi Yekini tí wọ́n bí síbí, tó jẹ́ ọmọ Ìrá ní Kwara. Ìrá ò jìnnà sí Ọ̀fà tiwa, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń pè é ní àbúrò. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL níbí, kí Shooting Stars tó mú un lọ sí Ìbàdàn.

Oṣù Kẹrin 1995 ni èmi ò lè gbàgbé. Everton àti Tottenham ń wàákò láti dé àṣekágbá ife FA, rédíò Bàbá wà lórí àpótí, ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní. Paul Rideout ti Everton farapa. Amokachi tó ń dúró níta láti rọ́pò ẹlòmíì ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ Joe Royle tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó kàn wọlé. Ó gbá méjì sáwọ̀n, ó di 4-1. Bàbá gbé rédíò lọ́wọ́ jáde síta, wọ́n ń pariwo "Ọmọ wa! Ọmọ wa!" títí Hausa tó ń ta ṣúgà àti búrẹ́dì níwájú ilé fi bá wọn pariwo. Everton fi 1-0 na Manchester United, wọ́n gba ife náà. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, wọn ò tíì gba ife ńlá mìíràn. Yobo wá, Yakubu wá, Anichebe, Lookman, Iwobi, Bàbá ń tẹ̀ lé gbogbo wọn.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí ni pé ayálégbé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Anfield, pápá ẹgbẹ́ Liverpool tí ìwọ ń lọ wò yẹn, Everton ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, láti 1884. Ọ̀rọ̀ owó ilé dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti John Houlding tó jẹ́ onílé wọn, wọ́n kó jáde ní 1892, Houlding sì dá ẹgbẹ́ Liverpool sílẹ̀ kí pápá rẹ̀ má baà ṣófo. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1892 ni wọ́n ṣí Goodison. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún yìí ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lííìgì àkọ́kọ́ ní ilé tuntun, wọ́n na Brighton 2-0. Àkànní, ọdún 133 géérégé! Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, orí mi wú.

Kò rọrùn fún wọn. Ó lé ní 700 mílíọ̀nù pọ́n-ùn tí wọ́n ná. Òṣìṣẹ́ kan kú níbi iṣẹ́ náà ní 2023. Nínú sáà kan ṣoṣo, 2023 sí 2024, wọ́n yọ póìntì mẹ́jọ kúrò lára wọn nítorí ìnáwó, síbẹ̀ wọn ò já bọ́ kúrò ní Premier League.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Omi ni ibẹ̀, èbúté tí wọ́n ti ṣí láti 1848. Wọ́n kó ẹja inú rẹ̀ jáde ná, wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi wa iyanrìn wá láti inú òkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, wọ́n fi dí i. Ṣùgbọ́n wọn ò wó ògiri òkúta àtijọ́ náà. Ó ṣì wà lábẹ́ iyanrìn níbẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó. Wọn ò sì wó Goodison náà: wọ́n fi í fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Everton. Inú mi dùn sí èyí ju pápá tuntun lọ. Ṣé o mọ̀ pé eérú òkú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà tó lé ní 800 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn? Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, wọ́n ní sísun òkú kì í ṣe àṣà tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sin èèyàn síbì kan ò gbọ́dọ̀ ta ibẹ̀.

Níbí ńkọ́? Ní 2007 tí UNTL ti ilẹ̀kùn, gbogbo Kakuri ló dákẹ́. Ìjọba ló ni pápá Ahmadu Bello, èyí tí Jane Drew àti Maxwell Fry yàwòrán rẹ̀ ní 1965, ó sì wuyì títí di òní. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ṣì ń fi òkúta méjì ṣe ojú góòlù lórí iyẹ̀pẹ̀, tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wọ́n á kó òkúta kúrò lọ́nà, wọ́n á tún tò ó padà. Mo fi àwòrán rẹ han àwọn náà. Ọ̀kan bi mí pé, "Kóòṣì, ẹgbẹ́ wa náà lè kọ́ tiwa?" Mo ní ó ṣeé ṣe. Mi ò tàn án, Àkànní. Ó wù mí kí ẹgbẹ́ kan ní Kaduna ní ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè lé e kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ àyè ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn péré, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbà àdúgbò sọ ọ́.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù, jọ̀ọ́ bá wa lọ sí Goodison. Ya igun tí ilé ìjọsìn St Luke's wà fún mi. Bàbá ní tàwọn ni pé kí o wá ìjókòó kan lẹ́yìn òpó, kí o ya àwòrán láti ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí òpó náà ṣe ń dí èèyàn lójú tó.

Bá mi kí ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Àyìndé