Ẹ máa sọ ẹni tó kà á fún wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àròkọ òṣèlú tá à ń kà yìí ló ń ká mi lára, ẹni tó kọ ọ́ á kàn ní orílẹ̀-èdè báyìí ní èèyàn báyìí, ó tán, kò ní sọ ẹni tó kà wọ́n, kò ní sọ ọdún tí wọ́n kà wọ́n. Ẹ wo Lẹ́bánónì, láti 1932 nìjọba ibẹ̀ ò ti ka èèyàn mọ́, torí ẹ̀sìn ni wọ́n fi pín ipò òṣèlú, ọ̀rọ̀ náà sì gbẹgẹ́, iye yòówù téèyàn bá rí lónìí, àfojúbù ni.

Ti ìdìbò ló tiẹ̀ burú jù. International IDEA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba tiwantiwa, tó wà ní Stockholm ní Sweden, máa ń gbé ìdá méjì jáde, ìdá àwọn tó dìbò nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àti nínú gbogbo ẹni tó ti tó ọjọ́ orí ìdìbò. Méjèèjì lè jìnnà síra gan-an, ẹni tó fẹ́ yin ìjọba á mú èyí tó ga, àwa òǹkàwé ò sì ní mọ̀.

Freedom House náà, àjọ tó ń díwọ̀n òmìnira ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, owó ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé e ró fọ́dún pípẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó, àmọ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ V-Dem, iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Gothenburg ní Sweden tó ń díwọ̀n ìjọba tiwantiwa, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ti iye obìnrin nílé aṣòfin, ọ̀dọ̀ Inter-Parliamentary Union, ìyẹn àjọ àwọn ilé aṣòfin lágbàáyé, ni kẹ́ ẹ lọ tààrà, World Bank gan-an, ọwọ́ wọn ló ti ń gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káwọn akọ̀ròyìn yín máa kọ ẹni tó kà á àti ọdún ẹ̀ sábẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni, òǹkàwé yín.